Ooru Ni Gbogbo Ẹ̀: Ẹ́ńjìnì Honda Nínú MX-5, àti Bíréèkì Tó Máa Kápá Ẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí ìdúró lẹ́yìn torí àga ò kárí. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí mọ́tò tíráàkì, ìyẹn mọ́tò tí wọ́n ń fi sáré lórí pápá ìsáré, bí èèyàn ṣe ń yọ ẹ́ńjìnì tó bá mọ́tò wá kó gbé òmíì sí i, àti ọ̀rọ̀ bíréèkì. Mo mọ̀ pé ẹ́ńjìnì lẹ fẹ́ gbọ́, òun ló máa ń dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ fún mi díẹ̀, torí ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ: mọ́tò tíráàkì, ọ̀rọ̀ ooru ni látòkè délẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń dá ooru sílẹ̀, bíréèkì ń dá ooru sílẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tò ó ni kẹ́ ẹ wá ọ̀nà tí ooru yẹn máa gbà jáde kó tó ba nǹkan jẹ́. Èyí tó kù, ọ̀dà, sítíkà, apá ẹyẹ tí wọ́n ń so sẹ́yìn bùútù, tó bá wù yín ẹ ṣe é, tí ò bá wù yín ẹ fi sílẹ̀.

Fún àwọn tí ò tíì lọ rí, track day nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí kì í ṣe ìdíje o. Ẹ máa sanwó, ẹ máa gbé mọ́tò yín lọ sí ibi bíi Brands Hatch ní Kent tàbí Snetterton ní Norfolk, wọ́n á wọn ariwo sàlẹ́ńsà yín, wọ́n á ka òfin fún yín, ẹ dé híìmẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ rọra tẹ̀ lé mọ́tò tó mọ̀nà yípo, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó ní kẹ́ ẹ máa lọ. Wọn kì í fẹ́ kẹ́ ẹ ka àkókò tẹ́ ẹ fi yípo. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá yín, lọ́pọ̀ ìgbà ọwọ́ òsì ló máa gbà, ẹ̀yin lẹ máa fún un láyè kó tó kọjá. Mọ́tò tí ò ní òrùlé bíi MX-5, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò ẹ̀ máa ní kó ní irin lẹ́yìn orí dírẹ́bà, roll bar, tó jẹ́ pé tí mọ́tò bá dojú dé òun ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ìnṣọ́ránsì tẹ́ ẹ fi ń rìn lójú títì ńkọ́? Ẹ lọ ka ìwé ẹ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ ló ti yọ tíráàkì kúrò nínú ẹ̀.

Mọ́tò tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ni MX-5 àkọ́kọ́, èyí tí iná iwájú ẹ̀ máa ń yọ sókè bíi ojú ọ̀pọ̀lọ́, tí Mazda gbé jáde lọ́dún 1989. Iwájú ni ẹ́ńjìnì wà, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, ìwúwo ẹ̀ ò tó tọ́ọ̀nù kan, ẹ́ńjìnì 1.6 tó bá a wá ò sì ju bíi 115 họ́ọ̀sìpáwà lọ. Nínú kọ́nà, kò sí mọ́tò tó dùn tó o. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e dé Snetterton, tẹ́ ẹ wá dé ibi tó lọ tààrà tí wọ́n ń pè ní Bentley Straight, gbogbo àwọn tẹ́ ẹ ti lé bá nínú kọ́nà ni wọ́n á máa kọjá yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíì á tiẹ̀ tún juwọ́ sí yín. Ibẹ̀ gan-an ni èrò ẹ́ńjìnì míì ti máa ń wọ orí èèyàn.

Ẹ́ńjìnì tí ọ̀pọ̀ ń gbé sí i báyìí ni Honda K24. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Nàìjíríà rí, ẹ ti jókòó sẹ́yìn ẹ̀ láìmọ̀: Accord 2003 yẹn, End of Discussion, èyí tó jẹ́ sìlíńdà mẹ́rin, 2.4 tó wà nínú ẹ̀, K24 ni. Ti Amẹ́ríkà yẹn, 160 họ́ọ̀sìpáwà ló ní, torí ẹni tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé ni Honda ń rò nígbà tí wọ́n ṣe é. Èyí tí wọ́n fi sínú Accord 2.4 tí wọ́n tà ní Yúróòpù tó 190, òun ló sì yẹ kẹ́ ẹ máa wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú mọ́tò tó ti kọlu nǹkan. Àwọn míì tún máa ń mú ìdí ẹ́ńjìnì K24 kí wọ́n gbé tọ́ọ̀pù sìlíńdà K20 ti Civic Type R lé e lórí, Frankenstein ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, torí kò sí èyí tó bá ìkejì dáyé.

Kí ló dé tí wọn ò kàn so tọ́bò, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnì, mọ́ 1.6 tó wà níbẹ̀? Wọ́n ń so ó, ó sì ń sáré, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ tọ́bò tó ń ṣiṣẹ́ lórí tíráàkì máa ń pọ́n dòdò bí irin alágbẹ̀dẹ, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì MX-5 sì kéré, kí lẹ máa fi ooru yẹn ṣe? K24 á fún yín ní agbára tó jọ ọ́ láìsí tọ́bò, ẹ sì lè sáré ogún ìṣẹ́jú láìwo géèjì ní gbogbo ìgbà. Nǹkan míì tó tún dáa ni pé irin ni wọ́n fi ṣe ìdí ẹ́ńjìnì Mazda yẹn, alumíníọ̀mù ni ti Honda, torí náà bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnì Honda tóbi jù ú lọ, imú mọ́tò ò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹ́ńjìnì tó wúwo sínú MX-5 ti ba ohun tó tìtorí ẹ̀ rà á jẹ́, lójú tèmi.

Ní ti rírà. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, ní Mushin? Orí ilẹ̀ lẹ máa bá a, ẹ máa náwó sí i, ẹni tó ń tà á á búra, mẹkáníìkì yín á ṣí ìdérí ọ́ìlì á fi iná tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọgbọ́n yẹn náà ni kẹ́ ẹ lò níbí o, ẹ má jẹ́ kí risíìtì tàn yín. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, tó bá ti dì bíi girísì dúdú lábẹ́ ibẹ̀, ẹ máa lọ. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì, ẹ fi géèjì wọn ìfúnpá sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n súnmọ́ra. Ṣéènì ni K24 ń lò, kì í ṣe bẹ́líìtì, torí náà tí ṣéènì ẹ̀ bá ń dún ràì-ràì nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ta á, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ má tú pílọ́ọ̀gì òun, ẹ fi ẹ́ńjìnì ẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Gbígbé e sínú mọ́tò ni ọ̀pọ̀ rò pé ó le jù, àmọ́ àwọn kan ti jókòó ti ìyẹn ọjọ́ pẹ́, wọ́n ń ta kíìtì ẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà tó máa so ẹ́ńjìnì Honda mọ́ gíábọ́ọ̀sì Mazda, síìtì ẹ́ńjìnì wà, sọ́ọ̀mpù mìíràn, ìyẹn agbada ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnì, wà torí nínú Honda ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n dá ẹ́ńjìnì yẹn sí, nínú Mazda ó máa dojú kọ iwájú, sọ́ọ̀mpù tó bá a wá á sì gbá irin tó wà lábẹ́. Nǹkan kan tí àwọn fídíò Amẹ́ríkà ò ní sọ fún yín: tí ẹ bá yí ẹ́ńjìnì K báyìí, ọwọ́ ọ̀tún ni èéfín ẹ̀ máa ń jáde sí, ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà ni ọ̀pá sítíàrìn máa ń gbà kọjá nínú mọ́tò tilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Torí náà ẹ rí i dájú pé irin èéfín tẹ́ ẹ rà, ti sítíàrìn ọ̀tún ni, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ tó ń lé ooru wé e, torí mo ti rí ibi tí rọ́bà ìsopọ̀ sítíàrìn ti ń rùn.

Wáyà ńkọ́? Ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí mọ́tò jókòó sórí jáàkì fún oṣù mẹ́fà. Bréènbọ́ọ̀sì Honda fẹ́ mọ kọ́kọ́rọ́ tó bá a jáde láti fáktírì kó tó gbà kí ẹ́ńjìnì jó, nítorí náà àwọn èèyàn máa ń ra èyí tí wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà tò fúnra wọn. Ẹ wá ríwáyà tó mọ iṣẹ́, ẹ sanwó ẹ̀ fún un pátá. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò tí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnì ẹ̀ bá kú sórí tíráàkì, ẹ kọ́kọ́ wo wáyà kẹ́ ẹ tó wo irin.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọ́ìlì, torí òun ló ń pa ẹ́ńjìnì yìí. Písítìn K24 máa ń rìn mílímítà 99 lọ, 99 bọ̀, ìyẹn gùn gan-an. Tó bá ń yí ìgbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣírò ẹ̀, písítìn yẹn ń rìn bíi mítà 23 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ló wà láàárín irin àti irin. Lójú títì kò sí wàhálà. Lórí tíráàkì, kọ́nà gígùn kan dé, táyà tó ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa sì gbá mọ́tò mú, gbogbo ọ́ìlì inú sọ́ọ̀mpù á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu páìpù tó ń fà á á wá ṣófo, pọ́ọ̀ǹpù á fa afẹ́fẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré ti tó, ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì. Ìdí nìyẹn tí sọ́ọ̀mpù tíráàkì fi máa ń ní ògiri kéékèèké àti ilẹ̀kùn nínú, kí ọ́ìlì má lè ráyè sá. Àwọn tó bá fẹ́ kó yí kọjá ibi tí Honda fi í sí tún máa ń yọ pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì tó bá K24 wá, torí irin méjì kan tó ń dín gbígbọ̀n kù ló so mọ́ ọn, wọ́n á gbé ti K20 Type R sí i. Ẹ tún fi rédíétọ̀ ọ́ìlì sí i, kẹ́ ẹ sì ní géèjì tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó, kì í ṣe iná pupa yẹn, iná pupa máa ń tàn nígbà tí gbogbo nǹkan ti parí.

Nínú epo tẹ́ ẹ ń jó, díẹ̀ ló ń dé táyà, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Èyí tó kù bá èéfín lọ, ó sì bá omi lọ. Nítorí náà ẹ́ńjìnì tó bá lágbára ìlọ́po kan ààbọ̀, ooru ẹ̀ náà lé bẹ́ẹ̀. Rédíétọ̀ alumíníọ̀mù tó nípọn dáa, àmọ́ ohun tí ò wọ́nwó tó sì ń ṣiṣẹ́ jù ni kẹ́ ẹ fi páálí ike tàbí alumíníọ̀mù dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí atẹ́gùn tó bá wọ ẹnu mọ́tò má ríbi gbà yàtọ̀ sí inú rédíétọ̀. Dífù, irin tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ńkọ́? Tí MX-5 yín bá jẹ́ 1.6, dífù kékeré ló wà lẹ́yìn, kò lè gba K24, ẹ wá ti 1.8.

Ẹ fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dé ibi tí mo ń lọ.

Ní 1953, Jaguar gbé mọ́tò ìsáré wọn, C-Type, lọ sí Le Mans, ìdíje wákàtí mẹ́rìnlélógún ní ilẹ̀ Faransé, Tony Rolt àti Duncan Hamilton ló wà á. Àwọn Ferrari tó wà níbẹ̀ kò ṣe é fojú di rárá ní ti agbára, àmọ́ bíréèkì díróòmù ni wọ́n ń lò, Jaguar ní bíréèkì dísìkì Dunlop ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Dírẹ́bà tó ní dísìkì lè dúró kó pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún láìjẹ́ pé bíréèkì ń sá fún un. Wọ́n gbégbá orókè, ọdún yẹn náà ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ pé ẹni tó borí ní Le Mans sáré ju máìlì 100 ní wákàtí lọ tá a bá pín gbogbo ìrìn ẹ̀ dọ́gba. Bíréèkì ló jẹ́ kí wọ́n yá, ẹ̀yin èèyàn mi. Díróòmù máa ń há ooru mọ́nú, dísìkì wà ní gbangba, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ká ní mọ́tò yín pẹ̀lú ẹ̀yin fúnra yín jẹ́ kílò 1,100, ẹ wá ń sáré máìlì 100 ní wákàtí, ẹ tẹ bíréèkì títí ó fi dúró. Gbogbo eré yẹn ti di ooru nìyẹn, ooru ọ̀hún sì tó láti gbé omi tútù lítà mẹ́ta lé díẹ̀ dé ibi tó ti ń hó, omi àmàlà ilé kan gbáko, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ẹ wá gbé K24 sí i, ẹ wá dé ìparí ọ̀nà yẹn pẹ̀lú máìlì 120. Eré fi ìdá 20 nínú 100 lé, ooru fi 44 lé, torí kì í ṣe eré nìkan lẹ ń sọ di púpọ̀, eré lọ́nà eré ni. Omi yẹn ti ń súnmọ́ lítà márùn-ún. Ní Brands Hatch Indy, ọ̀nà kúkúrú tó wà ní Brands Hatch, tó jẹ́ pé bíi ìṣẹ́jú kan lẹ fi ń yípo, ẹ máa ṣe nǹkan tó jọ èyí, kékeré àti ńlá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀. Bíréèkì 1.6 tó bá mọ́tò wá, dísìkì iwájú ẹ̀ jẹ́ mílímítà 235. Ẹ bá mi wò ó.

Àmọ́ ẹ má tíì sáré lọ ra bíréèkì ńlá aláwọ̀ pupa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibi tí owó ò pọ̀, ìyẹn ọ́ìlì bíréèkì. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, bó bá sì ṣe ń pẹ́ nínú páìpù ni ibi tó ti ń hó ń wálẹ̀. DOT ni wọ́n fi ń pe oríṣi ọ́ìlì bíréèkì. Òfin ní kí DOT 4 tuntun má hó kó tó dé 230 sẹ́ńtígíréèdì, àmọ́ tó bá ti fa omi, wọ́n gbà kó hó ní 155. DOT 5.1, 260 àti 180. Èyí tí wọ́n ṣe fún eré ìje máa ń kọjá 300 nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun láti inú agolo. Tí ọ́ìlì bá hó nínú kálípà, irin tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì, atẹ́gùn lẹ ní níbẹ̀ báyìí, atẹ́gùn sì ṣe é fún pọ̀, ẹ máa tẹ pẹ́dà, pẹ́dà á lọ kan ilẹ̀, mọ́tò á máa lọ ní tiẹ̀. Ní Èkó dírẹ́bà á pọ́ọ̀ǹpù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó fi dúró lẹ́yìn dánfó. Ní òpin Bentley Straight, ẹ ò ní àyè ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn, ẹ bléèdì ẹ̀ dáadáa kí afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, kẹ́ ẹ tún ṣe é kẹ́ ẹ tó lọ tíráàkì míì. DOT 5, tí kò ní .1 lẹ́yìn, sílíkónì nìyẹn, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ èyí tó kù.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan páàdì. Páàdì ojú títì máa ń gbé e láàárọ̀ kùtù, àmọ́ tó bá gbóná gan-an, gọ́ọ̀mù inú ẹ̀ á máa jó, á máa yọ gáàsì, pẹ́dà á le bí òkúta ṣùgbọ́n mọ́tò ò ní dúró. Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ yẹn: pẹ́dà tó rọ̀ tó lọ sílẹ̀, ọ́ìlì ni, pẹ́dà tó le tí ò mú nǹkan kan, páàdì ni. Páàdì bíi Ferodo DS2500 wà láàárín ti ojú títì àti ti tíráàkì, ẹ lè fi délé ẹ lè fi sáré díẹ̀, àmọ́ tí K24 bá ti wà nínú ẹ̀, ẹ lọ sí èyí tó jẹ́ ti tíráàkì gidi, kẹ́ ẹ fara mọ́ igbe tó máa ń ké ládùúgbò. Ẹ sì jẹ́ kó mọ dísìkì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyà jẹ ẹ́, ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́ láti eré dé ìdajì eré lọ́pọ̀ ìgbà láìdúró pátápátá, kẹ́ ẹ wá wà á lọ kó fi tutù.

Dísìkì oníhò, èyí tí wọ́n lu káàkiri yẹn, ó rẹwà nínú fọ́tò. Lórí tíráàkì, etí ihò yẹn ni yóò ti máa sán. Ẹ lo èyí tí ojú ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí èyí tó ní ìlà gígé.

Nísinsìnyí, bíréèkì ńlá. Bíréèkì ńlá kọ́ ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ tètè dúró. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bínú. Táyà ló ń dá mọ́tò dúró. Tí bíréèkì kékeré yín bá lè ti táyà pa kó fi máa yọ̀, agbára ẹ̀ ti tó lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí dísìkì ńlá àti kálípà onípísítìn mẹ́rin, bíi ti Wilwood, ń ṣe fún yín ni pé wọ́n lè ṣe é ní ẹ̀ẹ̀kan náà, ẹ̀ẹ̀kẹwàá náà, àti ìgbà ogójì náà, torí irin tó pọ̀ ló ń gba ooru, ojú tó fẹ̀ ló sì ń tú u dànù. Tí owó ò bá tó, dísìkì 270 àti kálípà ti MX-5 Sport tó jáde lẹ́yìn máa ń wọlé síbẹ̀ láìní wàhálà púpọ̀, fáktírì kan náà ló ṣe é. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni ìpín iwájú àti ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá fi kálípà alágbára síwájú nìkan, táyà iwájú á tètè há, ẹ̀yìn á kàn máa tẹ̀ lé e lọ, ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí á wá jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pẹ̀lú gbogbo owó yẹn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á bó ṣe ṣírò ẹ̀yìn. Kẹ́ ẹ sì wọn inú ríìmù yín kó má baà jẹ́ pé kálípà á máa gbá a.

Kẹ́ ẹ wá fa páìpù atẹ́gùn láti ẹnu bọ́mpà lọ sí àárín dísìkì. Ọ̀pá ike tí ò tó nǹkan lówó ni, ó sì máa ń ṣe ju nǹkan ńlá lọ.

Ìwé mọ́tò: ẹ ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, àjọ tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀ níbí, kí wọ́n tún V5C, ìwé mọ́tò yín, ṣe, ẹ sọ fún ìnṣọ́ránsì. Tí ọjọ́ MOT, àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún, bá dé, láàárín mọ́tò àti ẹ́ńjìnì, èyí tó bá dàgbà jù ni wọ́n máa fi wo èéfín yín.

Wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè méjì kí n tó jókòó. Ẹ̀gbọ́n kan níwájú níbí béèrè pé tí owó bá tó ẹyọ kan nìkan, ṣé kí òun bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnì? Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣe ọ́ìlì bíréèkì, páàdì, táyà, kẹ́ ẹ fi 1.6 yẹn sáré títí ẹ máa fi mọ ibi tó ti ń rẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnì ò ní sá lọ.

Èkejì, arábìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ní òun ti rí i pé àwọn tó bá ń bọ̀ látorí tíráàkì kì í fa hándíbíréèkì, igi ni wọ́n ń kì sábẹ́ táyà. Òótọ́ ni mà. Dísìkì yẹn ti gbóná gan-an, hándíbíréèkì MX-5 sì máa di páàdì mọ́ ojú kan ṣoṣo lára dísìkì ẹ̀yìn, ibẹ̀ ò ní tutù bíi tàwọn yòókù, páàdì á sì fi ara ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, lẹ́yìn ìyẹn mọ́tò á máa gbọ̀n ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì. Torí náà ẹ fi yíyí kan ìkẹyìn wà á jẹ́jẹ́ láìtẹ bíréèkì púpọ̀, ẹ wọlé, ẹ fi í sí gíà kìn-ín-ní, ẹ kì igi sí i, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì fún un ní ogún ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó tún jáde.